Orí Amọ̀ Tí Kò Fẹ́ Ṣí Gèlè

Ní Ọ̀wọ̀ tiwa, àsìkò kan wà lọ́dọọdún tí ọjà mi máa ń kú fin-ín fin-ín. Gèlè ni mo ń tà. Tí ọdún ayaba bá ti wọlé, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà, ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù. Agogo irin nìkan là ń gbọ́ kiri àdúgbò. Ọba fúnra rẹ̀ á dirun bí ìyàwó tuntun, á wọ iyùn, á jó yí ìlú ká. Àlejò tí kò mọ ìdí rẹ̀ á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n náà máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí irun ọba sábà máa ń dára ju tèmi lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé obìnrin kan sá kúrò nílé ọkọ. Ìyàwó ọba ayé àtijọ́ ni, ẹni tí wọ́n ní kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa. Ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ lọ ilá níwájú rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ ju ìdì igi lulẹ̀ gbì, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ wá ọjọ́ tí ọkọ wọn kò sí nílé, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó bínú, ó wọ igbó lọ. Àwọn tó lé e kò bá a mọ́. Gèlè rẹ̀ tó já bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n rí. Igbó náà wà níbẹ̀ títí di òní, ugbó là ń pè é ní ẹnu tiwa, a kì í sì wọ inú rẹ̀ lọ ṣeré. Nítorí gèlè kan tó já bọ́ nígbà náà, èmi á ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, n óò jókòó síwájú ilé, n óò máa ka ọkọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé gbogbo ìlú ni ayaba ṣe nǹkan fún, èmi nìkan ló bá jà.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi, Ìsùadà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀, ló ń gbé. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ìyá wa wá láti Àkókó, ìkòkò ló ń mọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Èmi sá fún amọ̀ láti kékeré, èékánná mi kò gbà á. Àbúrò mi ló gba iṣẹ́ náà, ó ń wa amọ̀ lẹ́bàá odò lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń mọ ìkòkò ọbẹ̀, ó ń mọ àmù, títí ike fi gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ kan ni Ọlọ́run fún un, obìnrin. Ọmọ náà kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó gba òmìnira, èmi ni mo sì wé gèlè fún un lọ́jọ́ náà, damáàsì pupa tó ń dán bí iná. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí ẹnìkan sọ fún un pé iṣẹ́ wà ní Ítálì. Kò sọ fún wa. Ó gba Àríwá lọ, ó gba aṣálẹ̀ kọjá, Líbíà ló ti pè wá. Èmi ni mo gbé ìpè náà, nítorí àbúrò mi wà lódò. Ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún Màámi pé ọ̀la la máa wọ omi." Mo ní omi wo? Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo ṣì ń bá gbogbo ọjà jà. Mo ní mo ti parí ti ọjà, òun ló kù tí n óò bá jà. Ó ní kí n dúró de òun.

Ohun tí a gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, obìnrin kan wá bá wa láti Àkókó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà, ó sì yọ. Ọmọ yẹn ní ọkọ̀ náà dojú dé. Ó ní àwọn tí wọ́n fà jáde, òun mọ ojú gbogbo wọn, ọmọ wa kò sí níbẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sọ ọ́, bí ẹni pé òun ló dojú ọkọ̀ dé. Àbúrò mi gbé omi fún un mu. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé títì. Nígbà tó padà wọlé, ó ní, "Kò sọ pé òun rí òkú rẹ̀."

Mo ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi rìnrìn-àjò nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí i kú ìrọ́jú, ó ń dójú ti ara rẹ̀ ni. Àlùfáà wá, ó ní àwọn fẹ́ gbàdúrà ìtùnú. Àbúrò mi bi í pé ìtùnú kí ni? Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò mọ ìkòkò mọ́. Ó kàn ń jókòó.

Èmi ni mo fà á jáde lọ sí ilé ohun àtijọ́ tó wà nítòsí ààfin. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ohun àtijọ́. Èmi gan-an ti ń di ọ̀kan nínú wọn. Mo kàn fẹ́ kó fi ojú kan nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ògiri. Wọ́n fi orí amọ̀ kan hàn wá, wọ́n ní lẹ́bàá igbó ayaba ni wọ́n ti wú irú rẹ̀ jáde. Imú rẹ̀ ti ṣẹ́, apá kan ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ wà bí ètè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Àbúrò mi bi ọmọkùnrin tó mú wa káàkiri pé, "Ó pẹ́ tó báwo nínú ilẹ̀?"

"Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni, mà."

"Inú ilẹ̀ ló wà ní gbogbo rẹ̀?"

"Inú ilẹ̀ ni, mà."

A wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. A ti ń jáde nílùú kó tó lanu. "Àǹtí, ojú yẹn kò jẹrà."

"Amọ̀ ni. Ṣé o fẹ́ kí amọ̀ jẹrà ni?"

"Ẹni tí wọ́n wò mọ ọ́n ti jẹrà."

Mo ní kí onímàrúwá rọra wọ kòtò.

Nígbà tí mo tún padà lọ sí Ìsùadà, ó ti gé amọ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ orí ayaba. Inú mi dùn. Ìgbà tó fi ẹ̀yìn kùkù àgbàdo yí ọrùn rẹ̀, tó fi èèpo igbá ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ni mo rí i pé ayaba yìí, mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ti ra súìtì fún un rí.

Ìṣòro àbúrò mi ni pé kò rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́ dáadáa lọ́kàn. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni jẹ́wọ́ olè. Ó ní tí òun bá di ojú, òun ń rí irun, òun ń rí ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú ń sá. Fọ́tò wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn ọmọ ìwòyí. Ọmọ náà fi etí ajá sí ọ̀kan, ó kun ètè pupa bí ata nínú òmíràn, ó fọ ara rẹ̀ funfun nínú ìyókù bí òyìnbó tó ń ṣàìsàn. Ẹni tó bá fi fọ́tò wọ̀nyẹn wá ọmọ náà, ajá ló máa rí.

Ó wá ní kí èmi jókòó. Ó ní iwájú orí mi ni ọmọ náà gbé, àti àgbọ̀n mi. Ó gbé àpótí fún mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi ọwọ́ amọ̀ di àgbọ̀n mi mú, ó ń yí mi síbí, ó ń yí mi sọ́hùn-ún.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́. Ẹnu yín ń yí."

"Ẹnu mi ni. Ibo lo fẹ́ kó yí sí?"

"Ó yẹ kó dúró."

"Ọmọ ta lo ń mọ? Ọmọ yẹn dákẹ́ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, n kò lè rántí. Mo wá ń sọ ìsọkúsọ sí i, mo ń bú àwọn oníbàárà mi tó ń gbé gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ ka orí bí ìgbà tí wọ́n dé ìkòkò. Ó ń mọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú náà sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé orí ibi ìpéǹpéjú, mo dìde lọ sẹ́yìn ilé, mo ní mo fẹ́ tọ̀.

Ó fi gèlè parí rẹ̀. Damáàsì ọjọ́ òmìnira yẹn ni, ó ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣẹ́ ẹ, kí n fi ọwọ́ ṣe é lórí ara mi. Ó fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣẹ́ ẹ ní ìpele ìpele. Mo ti wé gèlè fún ìyàwó tó pọ̀, n kò tíì rí èyí tó jókòó sórí báyẹn.

Ìròyìn iṣẹ́ náà dé etí bàbá kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ó ń kọ́ ilé àlejò sí ẹ̀bá títì, ó sì fẹ́ orí ayaba tí yóò máa wo àwọn tó ń wọlé. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn ìlú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó wá sí Ìsùadà nígbà tí ọdún ku díẹ̀. Ó yí orí náà po, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un wò.

"Ìyá alámọ̀, ojú yìí fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ṣùgbọ́n gèlè ńkọ́?"

"Gèlè ńkọ́, sà?"

"Ayaba tiwa kò ní gèlè lórí mọ́. Ó já bọ́ nígbà tó ń lọ, òun ni wọ́n bá nílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń ṣí orí. Tí gèlè bá ṣì wà lórí rẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì lọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," àbúrò mi ní. "Kò tíì lọ."

Bàbá náà wò mí. Èmi wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu.

Ó ní, "Mà, gbogbo Ọ̀wọ̀ ló máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọba á ṣí orí, ìjòyè á ṣí orí, tèmi nìkan á wé gèlè?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, sà. Àǹtí mi yìí ń rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, kò tíì pa á."

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò bínú. Ó ní kó rò ó wò, ó ní òun á padà wá. Nígbà tó lọ tán, mo bi àbúrò mi bóyá kò mọ ìtàn náà ni.

"Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí."

"Kí ló dé tó o fi wé e nígbà náà?"

"Ọmọ mi kì í jáde láìwé nǹkan sórí."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ amọ̀ mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ rí iná kó tó gbẹ dénú. Tí ọ̀rinrin bá ṣẹ́kù níbi kan, á bú bí ìbọn. Gbígbẹ ló kù fún orí yẹn. Àbúrò mi kò jẹ́ kó gbẹ. Láràárọ̀ ló ń fi àkísà tútù nù ún, ojú, etí, abẹ́ àgbọ̀n, bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ jòjòló, á wá fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀. Mo bá a lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Títí di ìgbà wo?" Ó ní amọ̀ náà kò tíì tó sísun. Mo ní, "Bó o bá ń fún un lómi, ọmọ ọmọ rẹ kò ní bá a ní gbígbẹ." Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé kò ní ní ọmọ ọmọ. Ó ń nu etí orí náà lọ. Èmi ló dákẹ́, ẹ̀yin tó mọ̀ mí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọdún wọlé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì ní kó wá kí mi, kó wá wo irun ọba. Ó wá. Ó wé gèlè wá. Èmi kò kíyè sí i, gèlè orí rẹ̀ ti mọ́ mi lára jù. Àfìgbà tí a dé ẹ̀bá títì láàárín èrò, tí gbogbo obìnrin wà ní orí òfìfo, ni mo rí i pé òun nìkan ló dá yàtọ̀ bí igi ọ̀pẹ. Obìnrin ẹlẹ́pà kan yí sí wa.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣí gèlè yẹn. Ọdún ti wọlé."

Mo ti ń ṣa èyí tí n óò kọ́kọ́ sọ sí i nínú ọ̀rọ̀ tó wà ní ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Ọba ń kọjá lọ. Irun rẹ̀ gún régé, iyùn bo ọrùn rẹ̀, agogo ń dún níwájú, agogo ń dún lẹ́yìn, àwọn obìnrin ń kọrin tẹ̀lé e. Kò wo irun náà bí mo ṣe ní kó wò ó. Ojú àwọn tó ń kọrin ló ń wò.

"Àǹtí, ṣé wọ́n mọ̀ pé kò ní padà wá?"

"Ta ni?"

"Ayaba."

"Wọ́n mọ̀."

"Wọ́n sì ń jó?"

"Wọ́n sì ń jó."

Ó ṣí gèlè náà fúnra rẹ̀. Irun tó wà lábẹ́ gèlè náà ti funfun tán, ó ti lọ́ pọ̀ mọ́ra bí òwú tí wọ́n jù sí ẹ̀yìn ilé. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀. Ó wá sọ fún mi nígbà tó yá pé láti ọjọ́ tí obìnrin Àkókó yẹn ti wá, òun kò ṣí orí rí, àfi nínú balùwẹ̀, nínú òkùnkùn. Ó ká gèlè náà, ó fún mi mú dání. Mo ti di gèlè mú lọ́wọ́ ju bí mo ṣe di ọmọ mú lọ, n kò tíì di èyí tó gbóná báyẹn mú rí.

Ọjọ́ kejì, a padà sí Ìsùadà. Ó ká ọ̀rá kúrò. Ó ní kí n bá òun di ọrùn orí náà mú. Ó na wáyà, ó sì gé gèlè amọ̀ náà láti iwájú orí dé ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n fi gèlè yẹn pamọ́ fún un, ó ní rárá. Ó fọ́ ọ, ó wọ́n omi sí i, ó pò ó, ó yí i ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló fi ń dirun sórí ọmọ rẹ̀. Ṣùkú ni.

Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dì í, kò wò mí. "Ṣùkú ni mo dì fún un lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú kó lọ. Ó ní kí n dì í le. Mo ní orí á máa dùn ọ́. Ó ní kò burú, òun kò fẹ́ kó tètè tú."

"Kò sọ ìdí rẹ̀?"

"Mo bi í. Mo ní, ta ló ń lé ọ? Ó ní kò sí."

Ó dì í dé ẹ̀yìn ọrùn, ó fi èékánná la àwọn ìlà rẹ̀. Nígbà tó parí, kò nawọ́ sí ọ̀rá náà mọ́. Ó fi orí yẹn sílẹ̀ síbi ibòòji, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i.

Ọdún ti kásẹ̀ nílẹ̀ kó tó gbẹ. A sun ún nínú pápá lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko gbígbẹ. Obìnrin aládùúgbò kan ru igi wá ràn wá lọ́wọ́, ó fẹ́ jù ú lulẹ̀ gbì bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìwọ kò rí ẹni tó wà níbí?" Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eérú tutù, a wú orí náà jáde. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, èéfín ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dúdú. Àbúrò mi fi èékánná ha á, kò lọ. Ó ní ọmọ náà máa ń fi ojú dúdú jáde láti ìdí àdògán nígbà tó wà ní kékeré.

Bàbá náà dé. Ó dúró tì í pẹ́. Kò sọ̀rọ̀ gèlè. Àbúrò mi kò jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ gbé e, ó gbé e fúnra rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó fi aṣọ ká ọrùn rẹ̀. Bàbá náà bi í pé, "Mà, ta lẹ wò mọ ojú yìí?"

"Ọmọ mi ni, sà. Ó kú sínú omi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ orúkọ ìlú rẹ̀. Èmi tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ìròyìn yẹn, ẹnu rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ náà rí. Bàbá náà ní "Ẹ̀yin mà, ẹ pẹ̀lẹ́ o", ó sì fara rọ mọ́ ọkọ̀, ojú rẹ̀ lọ sí odò.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí àlùfáà lọ́sẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n ṣe ìsìn òkú fún ọmọ òun. Àlùfáà bi í ohun tí wọn óò gbé síwájú pẹpẹ, nígbà tí kò sí òkú tí wọn óò fi sínú pósí. Ó ní kí wọ́n má gbé nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n ya àga sọ́tùn-ún, wọ́n ya àga sósì, wọ́n fi àárín sílẹ̀ lófìfo. Mo jókòó níwájú, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ń wá nǹkan kan tí n óò fi rẹ́rìn-ín, n kò rí. Nígbà tí wọ́n ní ká jáde wá fi ọrẹ sílẹ̀, kò sí ẹni tó gba àárín yẹn kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni gbogbo èèyàn ń gbà, àgbà àti ọmọdé, wọ́n ń rọra yà fún ọmọ wa.